Òṣùká àti ọ̀kọ̀ méjì: kí ni bàbá bàbá mi ṣe ní Bọ́má?

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀ṣun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń da ẹbí wa rú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn àgbà bá wa dá sí i.

À ń pààrọ̀ páànù orí ilé bàbá bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kápẹ́ńtà gun àjà, ó sì bá agolo bisikíìtì àtijọ́ kan níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ onídẹ kan tó ní ẹnu mẹ́fà. Aṣọ pélébé kan tí wọ́n ya ọ̀kọ̀ méjì sí, ọ̀kọ̀ méjèèjì dábùú ara wọn, wọ́n sì gba inú nǹkan roboto kan kọjá. Ìwé kékeré kan tí ikán ti jẹ, "NA/" àti nọ́ńbà méjì péré ló ṣẹ́ kù lórí rẹ̀. Èkẹrin wá jẹ́ òṣùká. Òṣùká aṣọ gidi, tó ti gan bí igi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ṣé a ò rí i báyìí, òun ti ń wí i tipẹ́ pé jagunjagun ni bàbá àwọn nígbà ogun Ìtílà, pé ó pa àwọn Jàpáànù bí ẹni pa eṣinṣin. Àǹtí wa, àbúrò wọn, ní irọ́ ni, ẹrù ni bàbá rù ní Bọ́má, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, òun gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀ pé kò yìnbọn sí ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀gbọ́n gbaná jẹ. Ó ní wọ́n fẹ́ sọ bàbá òun di aláàárù lẹ́yìn tí kò sí láyé mọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́ báyìí. Bàbá kú ní 1989, wọn ò tíì bí mi nígbà náà, n kò lè dá sí i.

Ẹni tó bá mọ ohun tí àmì ọlọ́kọ̀ yẹn jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Akínrántí

Àbúrò, ẹ kú ìnáwó páànù. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ ogun yìí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ fara dà á tí mo bá sọ̀rọ̀ pọ̀.

Ìràwọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní Burma Star. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ ogun ní Bọ́má láàárín oṣù Kejìlá 1941 sí oṣù Kẹsàn-án 1945, ìbáà jẹ́ oníbọn, ìbáà jẹ́ olóúnjẹ, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má wá orúkọ bàbá lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ sí tàwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. NA yẹn ni nọ́ńbà iṣẹ́ ṣọ́jà tiwa. Ì bá dára ká ní ikán ṣàánú wa.

Àmì ọlọ́kọ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni wọ́n kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gáḿbíà lọ sí Bọ́má: 81 àti 82. Àwọn 81 dé Íńdíà ní 1943, àwọn 82 tẹ̀ lé wọn ní 1944. Àmì àwọn 81 ni aláǹtakùn, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. Ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú nǹkan roboto kọjá. Ṣé ẹ mọ ohun tí nǹkan roboto yẹn jẹ́? Òṣùká ni! Òṣùká aláàárù. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé nípasẹ̀ àwọn tó ń ru ẹrù wa la fi ń jà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dífíṣọ̀n yòókù ní Bọ́má, ìbaaka àti mọ́tò ló ń ru ẹrù wọn. Tiwa, orí èèyàn ni. Àwọn 81 wọ àfonífojì Kaladan, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò rárá. Ṣọ́bìrì àti àdá ni wọ́n fi la ọ̀nà kan tó tó máìlì márùndínlọ́gọ́rin, wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1944. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, àwọn aláàárù á ṣà á jọ, wọn á gbé e karí gun òkè nínú òjò, ìbọn ọ̀tá á sì máa dún lápá ọ̀tún lápá òsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ìbọn lọ́wọ́. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ṣọ́jà, wọ́n wọ kàkí, wọ́n ń gba owó ṣọ́jà, ọta ìbọn ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ṣé aláàárù ni.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n yín àti àǹtí yín, ìdí ìjà wọn ò yé mi.

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n Akínrántí, ẹ ṣé gan-an. Orí mi wú. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ fún àǹtí wa lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbé fóònù mi.

Alárò

Ọmọ mi, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogun láti ojú ogun. Jẹ́ kí n sọ tèmi láti ìdí ìkòkò aró.

Ìyá tó bí ìyá mi, ọkọ rẹ̀ lọ sí ogun Ìtílà yẹn kan náà. Ohun tí màmá máa ń sọ fún wa kì í ṣe Jàpáànù. Iyọ̀ ni. Wọ́n ní iyọ̀ wọ́n débi pé tí o bá rí i rà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, á ní àfi kó o ra nǹkan míì tí o kò fẹ́ mọ́ ọn. Màmá ra dígí ojú mẹ́ta lọ́nà bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Mẹ́ta! Àwọn dígí yẹn wà lára ògiri títí mo fi dàgbà, bí àlejò bá ní "ẹ mà fẹ́ràn dígí nílé yìí o," màmá á ní, "iyọ̀ ni."

Èkejì ni ẹkùrọ́. Wọ́n ní Jàpáànù ti gba Màléṣíà níbi tí òyìnbó ti ń rí epo àti rọ́bà, torí náà kí gbogbo ilé máa pa ẹkùrọ́ fún ogun. Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà pa á. Èkẹta, owó alọ́tímẹ́ǹtì. Ṣọ́jà á ní kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú owó òun fún ìyàwó nílé. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà! Bàbá ọkọ ní ọmọ òun ló lọ sógun, òun ló ni owó. Màmá ní òun lòun ń bọ́ ọmọ. Lóṣooṣù ni wọ́n ń jà á, akọ̀wé lẹ́tà ló sì jèrè jù níbẹ̀, torí màmá ń sanwó kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ọkọ, bàbá ọkọ náà ń sanwó kí wọ́n bá òun kọ tirẹ̀, akọ̀wé kan náà ló ń kọ méjèèjì. Màmá ní òun fura pé ó máa ń fi epo sí iná níbẹ̀.

Ìdáhùn ọkọ dé lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n pín in dọ́gba. Màmá ò dárí jì í títí ó fi kú.

Ìkirun_lókè

Ẹ̀yin ará Òṣogbo ẹ ń sọ̀rọ̀ ogun, ẹ ò mẹ́nu ba Jálumi. Ní oṣù Kọkànlá 1878, ní ìlú wa, Ìkirun, ni àwọn Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó bá wọn wá, tí àwọn tó ń sá fi já lu omi Ọ̀tìn. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ọmọ ìlú Òṣogbo tiẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé ní nǹkan bí 1840, Balógun Ọdẹ́rinlọ ti kó ogun Ìbàdàn wá lé Ìlọrin kúrò lẹ́yìn odi Òṣogbo. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn ni, bóyá èdè míì là bá máa fi ka ojú ìwé yìí.

Alárò

Ìkirun, a gbọ́. Ẹ mà kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní ogun yẹn, ẹ ò sọ tiwọn. Ṣebí ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kí ìlú wa ní Òròkí Àsàlà: ẹni tí ogun lé níbòmíì ló ń sá wá síbí. Ìdajì àwọn agboolé tó wà ní Òṣogbo lónìí, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, ẹ ó gbọ́ orúkọ ìlú tí ogun tú.

Bàbá_Tésàn

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ bá rí àṣìṣe, tirẹ̀ ni.

Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Réluwéè ni bàbá mi ṣe, réluwéè ni mo ṣe. Irin dé Òṣogbo ní 1907, kò tíì kọjá sí Ìlọrin nígbà yẹn, torí náà ìlú yìí ni gbogbo ẹrù ti ń sọ̀. Ìdí nìyẹn tí ogun kì í fi í jìnnà sí wa bí a ò tilẹ̀ rí i. Tésàn ló ń gbé e kọjá.

Bàbá mi ní nígbà ogun Ìtílà, wọ́n á ní kí wọ́n fi àwọn wágọ́nù kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ń kọrin. Ìdajì wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tó wá di oṣù Kẹfà 1945, ogun Jámánì ti parí, owó oúnjẹ ti ga, owó oṣù ò kúrò lójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ réluwéè, ó lé ní oṣù kan. Wọ́n ní koríko hù láàárín irin. Bàbá mi kò gba kọ́bọ̀ lásìkò yẹn, iṣu tí ìyá mi gbìn ló gbà wá.

Èyí tí èmi fojú rí ni ti 1967. Lóṣù Kẹjọ, a gbọ́ pé àwọn Biafra ti gba Benin, wọ́n ti dé Ọrẹ. Ẹ mọ̀ pé Ọrẹ kì í ṣe òkè òkun. Ìlú dàrú. Àwọn kan ń di ẹrù lọ sí oko. Nígbà tí wọ́n dá wọn padà níbẹ̀ ni "Ó lè kú, ìjà Ọrẹ" di ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi í ṣàwàdà, ẹ̀rù ló bí i.

Ọkọ̀ ṣọ́jà ń bọ̀ láti òkè Ọya. Àwọn obìnrin ta àgbàdo àti omi fún wọn lójú fèrèsé. Mo rí ṣọ́jà kan tí kò ju mí lọ, ó na ọwọ́ gba ẹ̀kọ méjì, ọkọ̀ gbéra kó tó rí owó yọ. Ó ń pariwo pé "Màmá, ẹ dúró, ẹ dúró!" Ó ju bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Obìnrin yẹn fi bẹ́líìtì náà kọ́ sára igi àtíbàbà rẹ̀. Ó ní tó bá padà á wá gbà á. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi wó àwọn àtíbàbà ìdí irin.

Emeka_Ọmọ_Òròkí

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ọmọ Ìgbò ni mí, Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, Òṣogbo ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ayò. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ onílé wa, ọ̀nà méjèèjì sì bá ara mu àyàfi níbì kan.

Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn oṣù Keje 1966, nígbà tí wọ́n pa Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti gómìnà Fájuyì ní Ìbàdàn, àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ wálé. Ó kó owó rẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́tàlélógójì, sínú agolo, ó gbé e fún onílé wa, obìnrin alákàrà kan. Ó ní òun á padà lẹ́yìn Kérésì.

Kérésì náà di mẹ́rin.

Oṣù Kìíní 1968, ìjọba kéde pé wọ́n ti pààrọ̀ owó bébà, èyí tó wà nílẹ̀ ò ní wúlò mọ́, kí owó tó wà lọ́dọ̀ Biafra lè di ìdọ̀tí. Ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ láti pààrọ̀ ò pọ̀ rárá. Màmá ò mọ̀wé. Ó gbé agolo kalẹ̀, ó wò ó. Tó bá gbé pọ́n-ùn mẹ́tàlélógójì lọ sí báǹkì, wọ́n á ní níbo ni alákàrà ti rí i. Ìgbà yẹn sì ni àhesọ ń lọ pé ẹni tó bá ń tọ́jú owó Ìgbò, ọlọ́pàá á gbé e. Tó bá sì fi í sílẹ̀, bébà ló ń tọ́jú.

Ohun tó ṣe ni pé ó pín in. Ìyálé rẹ̀ gba márùn-ún, àbúrò rẹ̀ gba márùn-ún, alùfáà àdúgbò, tíṣà tó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn, télọ̀ kan ní òdìkejì títì. Oníkálùkù lọ pààrọ̀ tirẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín. Gbogbo agboolé ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo owó náà padà sínú agolo, àfi ṣílè mẹ́wàá. Ẹni kan ní òun fi wọ mọ́tò.

1970, ogun parí, bàbá mi dé pẹ̀lú ìyá mi àti ogún pọ́n-ùn, ogún tí ìjọba ní kí wọ́n fún ẹni tó ní owó ní báǹkì ní ìlà-oòrùn, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ló ní tẹ́lẹ̀. Màmá gbé agolo jáde. Ó ka owó náà níwájú gbogbo ilé, ó tún ka owó yàrá tó ti fi háyà fún ẹlòmíì láti ọjọ́ yẹn. Bàbá mi ò sunkún. Ó ní, "Ta ló mú ṣílè mẹ́wàá?"

Wọ́n ní wọ́n rẹ́rìn-ín títí alẹ́. Ibi tí ìtàn méjèèjì ò ti bára mu ni ẹni tó mú un. Bàbá mi ní télọ̀ ni. Àwọn ọmọ onílé ní alùfáà.

Bàbá_Tésàn

Télọ̀ ni.

Ìyá_Ìbejì_Ọláìyá

Ìtàn Emeka dùn, Ọlọ́run á tẹ́ màmá yẹn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi àkàrà màmá bo ojú gbogbo ìlú o. Nílé tiwa, ẹnì kan fi ẹ̀rọ ìránṣọ méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àgbà wa kó tó lọ. Ó padà ní 1970. Bàbá àgbà ní àwọn ṣọ́jà ló wá gbé e. Kò sí ṣọ́jà kankan tó wọ ilé wa. A mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀rọ kan nínú méjèèjì ló rán aṣọ ilé-ìwé ìyá mi, wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá ní oko. Ọkùnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, ó ní "ó dáa," ó lọ. Ìyá mi ní òun ò jẹ́ kọjá ní àdúgbò tó wá gbé lẹ́yìn náà.

Mo ń sọ ọ́ torí pé mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún rí.

Emeka_Ọmọ_Òròkí

Màmá Ìbejì, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́.

Ọmọ_Òkè_Bàálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Akínrántí, ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà. Àbúrò bàbá bàbá mi lọ sí Bọ́má kò padà. Kò sí lẹ́tà, kò sí òkú. Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n ṣe òkú rẹ̀, ó ní bóyá ó ti gbé ìyàwó níbẹ̀. Ṣé ọ̀nà kan wà láti mọ̀?

Akínrántí

Ó wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Rangoon, tí wọ́n ń pè ní Yangon báyìí, ní ìtẹ́ òkú ogun Taukkyan, àwọn òpó ńlá kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọn ò rí òkú wọn sí, ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, tiwa náà wà níbẹ̀. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun, Commonwealth War Graves Commission, ní ìwé orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbìyànjú orúkọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, torí akọ̀wé òyìnbó kọ ohun tó gbọ́ ni. Ẹ yẹ orúkọ ìlú wò náà, àwọn kan fi Òṣogbo ṣe orúkọ bàbá. Tí ẹ bá lè dé Ìbàdàn, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì ní àwọn fáìlì Oshun Division láyé òyìnbó.

Ìyá yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣìwèrè tó ní ó lè wà láàyè o. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìwòsàn ni nínú ogun yẹn. Oṣù Kẹta 1944, ìbọn Jàpáànù bá wọn létí odò Kaladan, ó fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan wà lẹ́yìn ọ̀tá fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó gbà wọ́n là kì í ṣe ṣọ́jà. Àgbẹ̀ ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ni, Mùsùlùmí, ó gbé wọn pamọ́ sínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó ń fún wọn ní ìrẹsì. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, ikú ni fún gbogbo ilé. Fádóyèbọ̀ padà wálé, ó ṣiṣẹ́, ó bímọ, 2012 ló tó kú. Ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni akọ̀ròyìn kan mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman.

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀ṣun

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lánàá, mo lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa, mo ní kí wọ́n sọ fún mi bí bàbá ṣe ń gbé nílé, kí wọ́n fi ogun sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá kì í jẹ́ kí ìyá àwọn gbé igi karí láti oko. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e, níwájú, ìyàwó á máa tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo. Ní Òṣogbo, láyé ìgbà yẹn! Àwọn ọmọ àdúgbò á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n á máa kọrin "aláàárù ìyàwó". Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni àkọ́bí, òun ló wà nílé-ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn. Àǹtí ní ó ja ìjà débi pé wọ́n lé e kúrò níléèwé lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kan ló padà dé pẹ̀lú ẹnu tó bẹ́, ló ní òun ti sọ fún gbogbo wọn pé Jàpáànù ogún ni bàbá òun pa.

Mo dé ilé ẹ̀gbọ́n lálẹ́, n kò sọ ìyẹn fún wọn. Mo kàn ka ohun tí Akínrántí kọ, èyí tó sọ pé nǹkan roboto yẹn òṣùká ni, pé àwọn ṣọ́jà fi òṣùká ṣe àmì sára aṣọ. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n gbé agolo wá.

Láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn ni wọ́n ti jókòó sí pálọ̀ báyìí, wọ́n gbé òṣùká yẹn lé orúnkún, wọ́n gbé aṣọ àmì náà lé orí rẹ̀. Wọ́n ní kí n béèrè pé kílò mélòó ni ẹrù tí wọ́n ń gbé gun òkè yẹn. Ẹ̀gbọ́n Akínrántí, ẹ dákun, ẹ bá mi tètè dáhùn, wọ́n ń dúró.